Ẹ̀rọ méjì, iṣẹ́ kan: Èwo ni kí káfíńtà tà, èwo ni kó mú dání?

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí ẹ̀rọ pọ̀ sí ni ṣọ́ọ̀bù olówó. Ẹni tó bá ń gba Òjúwòyè kọjá ní Mushin, tàbí tó ń rìn bọ̀ láti Ìdí-Àràbà, tó wá rí ayùn oníná méjì àti ẹ̀rọ ìfági méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ohun tó máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé ọ̀gá yìí ti rí ṣe. Kò ní mọ̀ pé ọ̀gá tó ni àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún lè má rí owó ra bọ́ọ̀dù MDF kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Owó rẹ̀ kúkú wà nílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó ti di irin, eruku pákó sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ kan náà ní méjì. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Káfíńtà á ra ayùn oníná tòkunbọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin, á rí èyí tó dáa jù ú lọ, á rà á, kò sì ní ta ti àkọ́kọ́, á ní bóyá ọjọ́ kan á wúlò. Bàbá ẹlòmíràn á kú, á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ tó ti ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn méjì tó jọ ń ṣòwò á túká, wọ́n á pín ẹrù. Ẹni tó jẹ káfíńtà ní gbèsè á ní òun ò rówó san, kó wá gbé ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ òun. Kí ọ̀gá tó mọ̀, gbogbo nǹkan ti di méjì méjì, ibi tí ọmọ iṣẹ́ máa dúró sí ti ń dín kù.

Tẹ́lẹ̀, èyí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń ronú lé lórí. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá ni àyípadà tó bá ọrọ̀ ajé wa láti ọdún 2023. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà ní Èkó fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀, CBN, tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ ti lé ní 1,400 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún káfíńtà ni pé ẹ̀rọ tó rà ní ọdún 2015 tàbí 2018, tó ń wò bí ẹrù àtijọ́, lè ti di ohun tí owó rẹ̀ lọ́jà pọ̀ ju iye tó fi rà á lọ, nítorí pọ́n-ùn, dọ́là àti yúrò ni wọ́n fi ń kó tòkunbọ̀ wọlé. Èyí dùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ẹni tó bá ta èyí tí kò yẹ kó tà, owó tó gbà kò ní ra irú rẹ̀ padà mọ́. Níbi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nítorí ẹ̀rọ kan tí wọ́n bá ṣì tà lè sọ ọ̀gá tó ń dá dúró di ẹni tó ń gbé pákó rù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi Oko-Baba ní Ebute-Metta, lẹ́bàá ọ̀sà, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ń ṣètò pé kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Agbówà lápá Ẹ̀pẹ́, iná sì ti sọ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjọ́ kan lòun máa kó ẹrù, kò ní fi ẹ̀rọ tí kò lò ṣe ọ̀ṣọ́. Irin tó wúwo kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé lé kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan gbé e yẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá ọkùnrin náà lọ sí Mushin, àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ká sọ pé káfíńtà kan jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bàbá fi sẹ́kúlà ńlá kan sílẹ̀, ìyẹn ayùn oníyípo tó máa ń yọ orí láàárín tábìlì irin. Ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wúwo bí òkúta, iná fésì mẹ́ta ló sì ń lò. Ọmọ náà ti ra sẹ́kúlà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó fúyẹ́, tó ń lo fésì kan. Bàbá ní tíkínẹ́sà, ẹ̀rọ tó ń fá pákó títí tí gbogbo rẹ̀ á fi nípọn bákan náà. Ọmọ náà ní tirẹ̀. Rútà tí wọ́n fi ń gbẹ́ etí igi jẹ́ méjì, dìrílì jẹ́ mẹ́ta. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń bi í pé, bùọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ẹrù bàbá wa ṣe? Òun alára sì ń wá owó tó máa fi ra ẹ̀rọ tó ń lẹ etí bọ́ọ̀dù, nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Surulere ti ń sọ pé etí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fọwọ́ lẹ̀ máa ń ṣí bí ooru bá mú. Kí ni kó tà?

Ọ̀pọ̀ ló máa yára dáhùn pé kó ta ti bàbá, kó mú ti ara rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ló jẹ́ tuntun. Ìdáhùn yẹn ti yá jù.

Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ara ẹ̀rọ rárá. Ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí ni. Kó mú iṣẹ́ oṣù méjìlá tó kọjá, kó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ni wọ́n fi pákó gidi ṣe, èwo ni wọ́n fi bọ́ọ̀dù ṣe? Nígbà ayé bàbá rẹ̀, ìrókò, apá, ọmọ àti mahogany ni wọ́n ń fi ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga ìjókòó, pákó náà á dé láti ilé ìlagi pẹ̀lú ara hágahàga, ẹ̀rọ ló sì máa fá a. Lónìí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kíṣìnnì àti wọ́dúróòbù ni wọ́n ń fi MDF àti HDF ṣe. Láti fáktọ́rì ni bọ́ọ̀dù ti nípọn bákan náà wá, kò sí ohun tí tíkínẹ́sà fẹ́ fá lára rẹ̀. Bí mẹ́jọ nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tí ọkùnrin yìí ṣe bá jẹ́ ti bọ́ọ̀dù, tíkínẹ́sà méjì kò níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kódà, ọ̀kan lè pọ̀ jù. Ní Mushin àti Surulere, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fá pákó fún àwọn káfíńtà mìíràn, kí wọ́n sì máa gba owó lórí pákó kọ̀ọ̀kan. Kí ọkùnrin wa ṣírò iye tó máa ná an lọ́dún kan bó bá ń gbé ìwọ̀nba pákó rẹ̀ lọ síbẹ̀, kó fi wé iye tí ẹ̀rọ náà máa pa wọlé bó bá tà á. Ní ti ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì àti bẹ́ẹ̀dì onípákó, ìdàkejì ni. Tíkínẹ́sà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bó bá ta kan, kó rí i pé èyí tó fẹ́ mú dání lè fá pákó tó fẹ̀ jù lọ tó ń lò.

Lẹ́yìn náà ló kan àyè. Owó ilé ní Yaba, Surulere àti Mushin kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í ka ẹ̀rọ mọ́ ẹni tó ń gbé ilé. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, wọ́n á ní kò gbà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Irọ́ ni. Pákó tí wọ́n ń tà lọ́jà Àmù ní Mushin gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹni tó bá fẹ́ là á gùn nílò ẹsẹ̀ bàtà 12 níwájú abẹ, àti 12 mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀dù MDF jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tirẹ̀ náà ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 níwájú àti 8 lẹ́yìn. Sẹ́kúlà méjì tó bá ń dí ara wọn lọ́nà, méjèèjì kì í ṣe odindi ẹ̀rọ mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí káfíńtà tó ń ti bọ́ọ̀dù la ojú títì, tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á máa sọ fún ọlọ́kadà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló gùn jù, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ oníṣòwò láàmú láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Lára mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ, wọ́n máa ń kan àwo irin kékeré kan mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọ̀dà tó ń dán lára ẹ̀rọ lọ: iye fóòtì, iye fésì, iye Hertz, agbára rẹ̀, àti iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230 àti Hertz 50, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò yàtọ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120 àti Hertz 60. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá lè rẹwà, kó sì wọ́n, kó má sì bá ilé wa mu.

Àwọn kan á ní kò sí wàhálà, kí wọ́n ṣáà ra tiransifọ́mà tó máa sọ fóòtì di ìdajì. Òótọ́ ni pé ó máa ń dín fóòtì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí Hertz padà. Mọ́tò tí wọ́n ṣe kó máa yí nígbà 3,450 ní ìṣẹ́jú kan ní Amẹ́ríkà á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 2,875 níbí, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Abẹ á máa falẹ̀, mọ́tò á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Káfíńtà á rò pé abẹ ló kú, á máa ra abẹ. Dìrílì àti rútà ọlọ́wọ́ tó ń lo kábọ́ọ̀nù kò ní ìṣòro Hertz yìí, fóòtì nìkan ni kí ẹni tó ni ín mójú tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ńlá méjì bá wà nílẹ̀, tí ọ̀kan jẹ́ Hertz 50, tí èkejì jẹ́ Hertz 60, ìdájọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ti fésì tún wà níbẹ̀. Mọ́tò fésì mẹ́ta jẹ́ mọ́tò tó le koko, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀. Bí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ará Èkó ló mọ ohun tó ń jẹ́ pé fésì kan ti lọ. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí kò sì sí ohun tó máa já iná náà, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò sì ní pẹ́ jóná. Yàtọ̀ sí èyí, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní kì í mú ju fésì kan jáde. Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa, èyí tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé sẹ́kúlà dìde. Agbára họ́ọ̀sì kan jẹ́ wáàtì 746. Mọ́tò họ́ọ̀sì 3 ti lé ní wáàtì 2,200, bó bá sì ń gbéra, iná tó máa fà á tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn kò tó wáàtì 1,000.

Ní ti owó iná, ìbẹ̀rù pọ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ló pariwo, wọ́n sì ní ìdí. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi 225 ṣírò. Mọ́tò họ́ọ̀sì 3 tó bá fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin á jẹ bíi yúníìtì 8.8, owó rẹ̀ sì jẹ́ 1,980 náírà. Owó ni, àmọ́ ẹ̀rọ kejì tó dúró tì í láìṣiṣẹ́ kò jẹ iná kankan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀rọ nítorí owó iná. Àyè tó gbà àti owó tó há sínú rẹ̀ ni kó rò.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn kan ti máa sọ pé ọ̀rọ̀ sẹ́kúlà bàbá ti parí, kó máa lọ. Kò tí ì parí. Mọ́tò ṣeé pààrọ̀. Rewáyà kan á yọ ti fésì mẹ́ta, á fi ti fésì kan sí i, bí agbára wọn bá bára mu, tí wọ́n sì ń yí ní iye kan náà. Ohun tí kò ṣeé pààrọ̀ ni tábìlì irin tó ti wọ́, tàbí ọ̀pá tó gbé abẹ tó ti tẹ̀. Kí ọkùnrin wa mú rúlà irin gígùn kan, kó fi dábùú orí tábìlì sẹ́kúlà méjèèjì láti igun dé igun, kó sì wo bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Kó yọ bẹ́líìtì kúrò, kó fọwọ́ yí ọ̀pá náà, kó gbọ́ bóyá ó ń dún gìrìgìrì. Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà 8 fẹ́ràn tábìlì tó gbòòrò, tó sì wúwo. Sẹ́kúlà fífúyẹ́ á máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé á sì rí págunpàgun.

Irinṣẹ́ àtijọ́ tún ní ohun kan tí ti ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní. Ẹ̀rọ bíi Wadkin, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1897, irin, bẹ́líìtì àti béárìn ló pọ̀ jù nínú ikùn rẹ̀. Béárìn sì ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀. Bí wọ́n bá kọ 6205 sí i lára, ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ 52, sísanra rẹ̀ jẹ́ 15, yálà Jámánì ni wọ́n ti ṣe é tàbí Ṣáínà. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe náà ń lo béárìn onínọ́ńbà, nítorí náà ẹni tó wà ní Mushin kò ní rìn jìnnà sí Ládípọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun tó ní pátákó iná wẹ́wẹ́ nínú, bí pátákó náà bá jó, ẹni tó ni ín lè máa retí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Kí ọ̀gá tó pinnu èyí tó máa mú dání, kó bi ara rẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì ni òun lè tún ṣe láàárín ọjọ́ méjì?

Ó tún ku ìka ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ inú ìṣirò ọ̀pọ̀ oníṣòwò títí di ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sórí pákó. Lẹ́yìn abẹ sẹ́kúlà tó dáa, irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà tí kì í jẹ́ kí pákó pa dé mọ́ abẹ. Bí pákó bá pa dé mọ́ abẹ, abẹ á jù ú padà sí ikùn ẹni tó ń tì í, tàbí kó fa ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìbòrí abẹ náà ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ló ti sọ méjèèjì nù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn tún máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa wọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tó bá òfin irinṣẹ́ ọdún 1998 rìn fẹ́ kí abẹ ẹ̀rọ pákó dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ SawStop ti ń ta sẹ́kúlà tó máa ń dúró kí ojú tó ṣẹ́ bí abẹ rẹ̀ bá kan ara èèyàn.

Tiwa kò tí ì dé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kí àjọ náà lè dá sí i bí ẹnìkan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò san án, òun ló máa ru ẹrù ìka tó bá gé. Bí ọkùnrin wa bá fẹ́ mú sẹ́kúlà bàbá dání, kó kọ́kọ́ fi irin ẹ̀yìn abẹ àti ìbòrí sí i. Irin náà gbọ́dọ̀ nípọn díẹ̀ ju ara abẹ lọ, kó sì fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ju ojú ibi tí eyín abẹ gé lọ. Bí wọ́n bá sọ fún un pé kò ṣeé fi sí i, a jẹ́ pé ti bàbá ló máa lọ nìyẹn, bó ti wù kí tábìlì rẹ̀ gún tó.

Ní ti rútà àti dìrílì, ìbéèrè kò le rárá. Àwọn yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan. Dìrílì kan ń lu ihò, èkejì ń wọ ìṣó onísíkúrù; ẹni tó ní ẹyọ kan á máa yọ ẹnu rẹ̀, á máa fi òmíràn sí i, nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Rútà kan lè máa yí etí, kí èkejì máa gbẹ́ ojú ibi tí bọ́ọ̀dù máa wọ̀. Wọn kò gba àyè, iye tí wọ́n sì máa pa bí wọ́n bá tà wọ́n kò tó nǹkan. Bánsọ́ọ̀ méjì náà lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe àga: èyí tí abẹ rẹ̀ tín-ín-rín fún ibi tó ń yí, èyí tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ fún ìlà pákó. Sẹ́kúlà méjì pàápàá lè bọ́gbọ́n mu bí ṣọ́ọ̀bù bá tóbi, kí ọ̀kan gbé abẹ eyín 24 fún pákó, kí èkejì gbé abẹ eyín 80 fún bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó há kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti mọ èyí tó ń lọ, ó ku ta ló máa rà á. Ibi tó burú jù láti gbé ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin nípa ìwọ̀n. Bó bá dé Òwòdé Onírin tó di ohun tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é ti di òfo. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tà á nígbà tó ṣì ń yí, kí wọ́n má dúró dìgbà tí mọ́tò bá jó.

Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ tà á fún káfíńtà àdúgbò, wọ́n á ní àwọn ò lè fi ọ̀bẹ fún ẹni tí àwọn jọ ń du ẹran. Ẹ̀rù yẹn kò fi gbogbo ara bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀rọ tí èèyàn tà fún ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí i ṣì wà nítòsí. Lọ́jọ́ tí tirẹ̀ bá bàjẹ́, pákó rẹ̀ kò ní rìn jìnnà. Bí wọ́n bá tà á fún ará Ìbàdàn, ó ti lọ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gba fúrídọ̀mù náà jẹ́ oníbàárà tó dáa, pàápàá bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ náà ló ti kọ́ṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa san án, ọ̀gá á sì máa tijú láti béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹnì kankan má bínú sí ẹnì kankan lẹ́yìn ọ̀la.

Kí wọ́n tó tà á rárá, kí wọ́n wádìí bóyá ẹrù náà ṣeé tà. Láti ọdún 2017 ni òfin ti wà tó fàyè gba oníṣòwò kékeré láti fi ẹrù tó ṣeé gbé, bí ẹ̀rọ, dúró fún owó tó yá, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ CBN. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹni tó yá a lówó sọ̀rọ̀ kó tó gbé e síta. Ti ogún náà wà níbẹ̀. Bàbá tó kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ ló ni ẹrù rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń ṣe káfíńtà nìkan. Kí bùọ̀dá pe àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó kí oníbàárà tó dé. Kó fi ìwé ìṣirò hàn wọ́n, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí iye tó máa jẹ́ tiwọn nínú owó tíkínẹ́sà bàbá, àti iye tó máa san fún wọn lórí sẹ́kúlà tó fẹ́ mú dání.

Ohun tó dà bíi pé ó tọ́ fún ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa, bí tábìlì sẹ́kúlà bàbá bá gún, tí irin ẹ̀yìn abẹ sì ṣeé fi sí i, ni pé kó mú un dání, kó fi mọ́tò fésì kan sí i, kó sì ta ti ara rẹ̀ tó fúyẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gba fúrídọ̀mù. Ní ti tíkínẹ́sà, kó ta ti bàbá tó tóbi, tó sì máa pa owó gidi, kó mú kékeré tirẹ̀ dání fún ìwọ̀nba pákó tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti ara owó méjèèjì ló ti máa san ti àwọn àbúrò, tó sì máa rí ohun tó máa fi sílẹ̀ de ẹ̀rọ tó ń lẹ etí bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ tí oníbàárà tíkínẹ́sà bá ń bọ̀, kó ní kó mú pákó tirẹ̀ dání, apá tàbí ìrókò tó le, kì í ṣe igi rírọ̀. Kó fá a níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó jẹ́ kó fọwọ́ kan mọ́tò bóyá ó gbóná. Kó kó gbogbo abẹ àti kọ́kọ́rọ́ tó bá a wá fún un, kó sì kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ náà sínú rìsíìtì kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀.